Ìgbésẹ̀ Mọ́kànlá Láti Wọ Ọkọ̀

Fún ọjọ́ 40 gbáko ni mo fi ń yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó pé bàbá mi ń ṣe eré ìdárayá ọwọ́ wọn láràárọ̀. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Ááàpù tí mo fọwọ́ ara mi kọ fún wọn ló ń sọ fún mi. Tí aago méje àárọ̀ bá ti lù, fóònù Bàbá á dún, ohùn mi tí mo ti gbà sílẹ̀ á sọ pé: "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ó ti yá. Ẹ ṣí ọwọ́, ẹ pa á dé, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá." Tí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan, fóònù á pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, mò ń rí i bó ṣe ń lọ: 40 nínú 40. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ sí status WhatsApp mi. Àwọn èèyàn ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́.

Mo délé ní ìparí oṣù Kejìlá, mo bá ọwọ́ ọ̀tún Bàbá tó ti ká jọ mọ́ àyà wọn bí ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n ti pa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà. Òun ló fẹ́ràn àtẹ́wọ́ yẹn. Bàbá ti gbé fóònù náà fún un láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tí ohùn mi bá ti dún, ọmọ náà á tẹ bọ́tìnnì, á gbọ́ àtẹ́wọ́, á fò sókè, ó parí. Nígbà tí mo bi Bàbá léèrè, wọ́n wò mí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọn tó ti wúwo sọ pé, "Ó ń dùn mọ́ ọmọ náà."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni mo kà ní yunifásítì, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ kóòdù jẹun. Mò ń ronú láti fi í sílẹ̀, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní occupational therapy.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú yín délé wa, torí tí ẹ ò bá mọ Ìlàjẹ, kò ní yé yín. Tí ẹ bá gba Òkìtìpupa wá, ọ̀nà á gbé yín dé Igbókòdá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wa. Fún àwa tí ilé wa wà lójú òkun, ibẹ̀ ni mọ́tò parí sí. Ẹ máa bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ máa gba àárín ewéko àti omi dúdú, títí ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn edé tí wọ́n ń yan. Orí òpó igi ni ilé wa wà. Afárá pákó ni títì wa. Òkun wà níwájú, ẹrẹ̀ wà lábẹ́, òkun náà kì í sì í dúró síbi tí ẹ bá a. Ẹ lè ti gbọ́ nípa Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan náà, tí wọ́n ń kan ọkọ̀, tí wọ́n ń hun aṣọ. Òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ níbẹ̀. Tiwa náà ò yàtọ̀. Ilé tí wọ́n bí mi sí ti wà nínú omi báyìí. Èyí tí Bàbá ń gbé ni ẹ̀kẹta tí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn kọ́, wọ́n ń sá sẹ́yìn, òkun ń tẹ̀ lé wọn.

Ní irú ibẹ̀, ẹni tí kò bá lè wọ ọkọ̀ ti di ẹlẹ́wọ̀n. Ọjà, ọkọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ni. Kí èèyàn lọ kí ẹbí tó bímọ, ọkọ̀ ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá Bàbá wó, ó sọ ọ́ di rọpárọsẹ̀ ní apá ọ̀tún. A gbé wọn dé Èkó, sí ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n tọ́jú ẹ̀mí wọn, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n máa dá wa sílẹ̀, wọ́n fún wa ní ìwé ìtọ́ni kan: kí Bàbá máa rìn yípo àgbàlá nírọ̀lẹ́, kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Mo ka ìwé náà, mo ní "ẹ ṣé o." Àgbàlá wo? Èmi tí wọ́n bí sórí pákó, mi ò lanu sọ ọ́. Ààpù yẹn ni mo lọ kọ dípò rẹ̀. Ṣebí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ní oṣù Kìíní, mo gbé Bàbá padà wá sí Èkó, sí ilé ìwòsàn ìjọba mìíràn. Àwọn fisió wò wọ́n, wọ́n ní ká tún lọ rí àwọn OT. Mo rò pé owó overtime ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tí OT túmọ̀ sí ní ọ́fíìsì tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Obìnrin kan ni, kò tíì tó mi lọ́jọ́ orí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá, ó fa àga sún mọ́ wọn, ó ní: "Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ máa fi ọwọ́ yìí ṣe?"

Mo dá a lóhùn pé apẹja ni wọ́n, àti pé dókítà ní...

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí Bàbá sọ fúnra wọn."

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo wo aago. Bàbá ń wá ọ̀rọ̀ náà, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń padé, ohùn Ìlàjẹ wa tó kún fún "gh" ń há sí wọn lọ́fun. Obìnrin náà ò gbójú kúrò, kò bá wọn parí ọ̀rọ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní, "Àwọ̀n." Lẹ́yìn náà, "Ọkọ̀." Láti oṣù mẹ́jọ tí àìsàn ti dé, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn. Èmi náà ò bi wọ́n.

Ó ní fọ́ọ̀mù kan lọ́wọ́. Ṣé Bàbá lè gun àtẹ̀gùn? Ṣé wọ́n lè wọ mọ́tò, kí wọ́n sì sọ̀? Ó fa igi lé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ó yí ìwé náà dà sẹ́yìn, ó ní ká máa sọ fún òun bí ilé ṣe rí. Níbo ni Bàbá ti ń wẹ̀? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Mo wolẹ̀. Orí pákó méjì ni wọ́n ń lóṣòó sí lókè omi, ìyá mi ló sì ń di ẹ̀yìn wọn mú kí wọ́n má baà já sínú ẹrẹ̀, wọ́n ti ń fi ìyẹn ṣe oúnjẹ kù. Ìyẹn ni pé Bàbá kì í jẹun alẹ́ kí wọ́n má baà yọ Ìyá lẹ́nu lóru. Ẹnu Ìyá ni mo ti gbọ́ ọ níbẹ̀, lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wa ti rò pé àìsàn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè jẹ púpurú mọ́.

Ìgbà tó kan ọkọ̀, ó ní, "Bàbá, ìgbésẹ̀ mélòó ló wà nínú kí èèyàn wọ ọkọ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìgbésẹ̀ kẹ̀? Ṣebí wíwọ̀ ni. Wọ́n jọ kà á. Kí wọ́n dé etí pákó, kí wọ́n yíjú sí ibi tó yẹ, kí wọ́n wo omi bóyá ó ń fà, kí wọ́n fẹsẹ̀ fa ọkọ̀ mọ́ra, kí wọ́n di òpó mú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí wọ́n fi jókòó sórí pákó ìdí ọkọ̀. Mọ́kànlá. Nínú mọ́kànlá náà, mẹ́ta péré ni Bàbá ò lè ṣe. Mẹ́ta! Iṣẹ́ mi nìyẹn o. Kí n gbé iṣẹ́ ńlá, kí n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí n wá ibi tó ti bàjẹ́ gan-an, owó tí wọ́n ń san fún mi lóṣooṣù nìyẹn. Ìyá mi ti ń di bàbá mi mú lókè omi fún oṣù mẹ́jọ, mi ò ronú láti ka ìgbésẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn kò ní idán kankan nínú. Ó ní kí Bàbá yé gbìyànjú láti wọ ọkọ̀ lóòró. Kí wọ́n jókòó sí etí pákó, kí wọ́n fi ìdí sún, kí òpó tuntun kan wà ní apá òsì wọn, ibi tí agbára wà. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fi í dánra wò, pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì tó ń mì lábẹ́ wọn. Ó kọ́ Ìyá pé apá tó ń ṣàìsàn ni aṣọ ń kọ́kọ́ wọ̀, òun náà ló ń kẹ́yìn nígbà bíbọ́. Ní ti àwọ̀n, ó ní kí ọwọ́ òsì kọ́ bí a ṣe ń mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n, kí ọwọ́ ọ̀tún di ẹni tó ń dì í mú. Ó gé sílípáàsì àtijọ́ kan, ó fi rọ́bà rẹ̀ wé pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn ojú àwọ̀n, kó lè nípọn tó fún ìka tí kò lè pa dé dáadáa. Sílípáàsì. Èmi ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé.

Káfíńtà kan tó jẹ́ ará ilé wa gbá òpó náà mọ́ etí pákó, kò gbowó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá dán an wò nílé, wọ́n já sínú ẹrẹ̀, gbogbo wa pariwo. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò ránṣẹ́ sí mi: Bàbá nínú ọkọ̀, Ìyá níwájú, ẹlòmíràn ló ń tukọ̀ o, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò kórìíra kóòdù. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn, torí àwọn tó ń kọ irú àròkọ báyìí máa ń sọ bí ẹni pé ọ́fíìsì ni ọ̀run àpáàdì. Kọ̀ǹpútà ló rán àbúrò mi méjì nílé ìwé, òun ló san owó ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, oṣù méje ni èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn fi ṣe ojú-ewé ìsanwó kan fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun tí mò ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé. Wọ́n pa á tì lọ́jọ́ Ẹtì kan, nínú ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ẹni tó sunkún. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn: pé èmi náà ò sunkún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lóru. Mo rí i pé ní oṣù Kẹta 1917, àwọn mẹ́fà kan pàdé ní Clifton Springs ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹni tó pè wọ́n jọ, George Edward Barton, ayàwòrán ilé ni. Ikọ́ àwúbì ti bá a jà, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ rọ, òun ló fi iṣẹ́ ọgbà àti iṣẹ́ káfíńtà gbé ara rẹ̀ dìde. Thomas Kidner tó wà níbẹ̀ náà, ayàwòrán ilé ni. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ayàwòrán ilé bá lè dé ibẹ̀, ẹni tó ń kọ kóòdù ńkọ́? Tiwa náà sì wà: ní 1954, Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, tí àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe wíwà lórí bẹ́ẹ̀dì nìkan ni ìwòsàn. Ẹni tó ti rí bàbá rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì hun àwọ̀n ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ìyá mi bi mí pé kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Mo pè é fún wọn. "Dókítà iṣẹ́?" Rárá. "Àwọn tó ń wáṣẹ́ fún èèyàn?" Rárá o, Ìyá. Wọ́n ronú díẹ̀. "Àwọn a-kọ́ni-padà." Mi ò tíì rí orúkọ tó dára jù ú lọ.

Ọ̀nà tó wà kò pọ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń fúnni ní dìgírì nínú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà ní Òṣòdì fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ní kí n japa: ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá ti ní dìgírì mìíràn lè fi ọdún méjì gba máásítà, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ibẹ̀, àtẹ̀gùn àti mọ́tò tó wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn á bá gbogbo èèyàn mu, wọn ò ní fa igi lé nǹkan kan. Ta ló máa wá ka ìgbésẹ̀ wíwọ ọkọ̀? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn ún sọ nígbà tí dọ́là ṣì ń wọlé sí àpò mi.

Mo bẹ obìnrin yẹn pé kó jẹ́ kí n wá jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gbà láyè, àwọn aláìsàn náà gbà. Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan ń fi ọwọ́ kan de bọ́tìnnì búláòsì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, bọ́tìnnì ẹyọ kan. Ọwọ́ mi fò síwájú láti bá wọn dè é, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó fò. OT náà fi ojú sọ fún mi pé kí n jókòó. Mo jókòó. Ìṣẹ́jú méjì sí i, mo ti fa fóònù yọ. Ohun tí mò ń bẹ̀rù jù nìyẹn, ju owó lọ. Ó kéré tán, wákàtí 1,000 ni akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláìsàn kó tó yege, èmi ò lè dúró de bọ́tìnnì kan. Mo tún rí ohun mìíràn lọ́sẹ̀ yẹn: àwọn tí kò padà wá torí owó ọkọ̀, àti OT kan ṣoṣo tó ń sáré láàárín wọ́ọ̀dù mẹ́ta.

Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò bínú. A ní ọmọ kan, a ń san owó ilé, àbúrò mi kan ṣì wà ní yunifásítì. Ó ṣírò rẹ̀ sórí ìwé: ọdún mélòó láìsí owó oṣù tó jọjú, lẹ́yìn náà, owó oṣù tó kéré gan-an sí ti ìsinsìnyí. Ó gbé kálàmù sílẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, ṣé OT lo fẹ́ dì, àbí ọmọ rere?"

Mi ò tíì rí èsì fún un. Tí Bàbá bá kú lọ́la, ṣé màá ṣì fẹ́ ṣe é? Láwọn òwúrọ̀ kan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láwọn òwúrọ̀ mìíràn, mo mọ̀ pé ọjọ́ 40 yẹn ni mò ń wá bí mo ṣe máa san.

A jọ fẹnu kò sórí nǹkan kékeré kan. Ìwé ẹ̀rí WAEC mi ní D7 nínú Báyọ́lọ́jì. Nígbà yẹn, mo ní kí ni Báyọ́lọ́jì fẹ́ ṣe fún mi? Kò sí yunifásítì tó máa gbà mí sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan pẹ̀lú ìyẹn. Torí náà mo ti forúkọ sílẹ̀ fún GCE, èmi àti àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mi ò tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Tí mo bá yege, a ó tún jókòó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo délé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé ìwé náà dání. Bàbá wà ní etí pákó, àwọ̀n lórí itan wọn. Wọ́n fi àgbọ̀n na ìwé náà, kí ló wà nínú rẹ̀? Mo ní ẹja ni, bó ṣe ń mí. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ké sí Ìyá pé kó gbé ẹja kan wá. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, wọ́n fi òsì ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ohun pupa yẹn hàn, ó tò léra wọn.

"Kà á."

Ẹja náà yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi. Mo na ọwọ́, mo rántí, mo fà á padà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn ìka yẹn tó tún rí i dì mú.

"Mẹ́rin," ni mo wí.

"Yí i sódì kejì," ni Bàbá wí.